Àkàrà Ẹ̀gẹ́ Ẹnu Ọ̀nà Ilé-Ìwé Wa

Ìjọ aláṣọ funfun kan náà ni èmi àti obìnrin tó ń dín àkàrà ẹ̀gẹ́ lẹ́nu ọ̀nà ilé-ìwé wa ní Sakété jọ ń lọ. Àwọn ọmọ kékeré ni mò ń kọ́, Mètìrésì ni wọ́n ń pè mí. Bí agogo ìsinmi bá ti dún, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n máa ń sáré lọ, torí àkàrà rẹ̀ dùn, ó sì máa ń fi ṣúgà sí i.

Lọ́dún tí ẹ̀gẹ́ wọ́n, tí àwọn oníṣòwò gàrí ń kó gbogbo rẹ̀ látoko, ọmọbìnrin kan nínú kíláàsì mi wá bá mi lẹ́yìn ìsinmi, ó fọwọ́ di ikùn mú.

"Mètìrésì, òòyì ń kọ́ mi."

Mo ní kó jókòó. Kó tó jókòó, ó ti bì. Àwọn ọmọ mìíràn náà bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Dírẹ́tọ̀ wa, ọ̀gá ilé-ìwé, sáré pe àwọn sẹ́míjàn, àwọn ọlọ́kadà tó wà lójú títì. Mo gbé ọmọ náà sáàárín èmi àti ẹni tó ń wa alùpùpù. Ara rẹ̀ ń gbọ̀n. Kí a tó dé ilé ìwòsàn ló dákẹ́, mo rò pé oorun ló gbé e lọ.

Kò jí mọ́. Àwọn yòókù yè. Dókítà bi mí ohun tí wọ́n jẹ, mo sì sọ fún un. Ó ní ẹ̀gẹ́ kíkorò ni, wọn ò rẹ ẹ́ sómi kó kan dáadáa kí wọ́n tó lò ó, oró rẹ̀ ṣì wà nínú rẹ̀.

Ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì ní Onígbolo ni bàbá ọmọ náà ti ń ṣiṣẹ́. Ó dé pẹ̀lú eruku funfun lára, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò fẹ́ wọlé.

"Ṣé ó sùn ni, Mètìrésì?"

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Lẹ́yìn ìsìnkú, wọ́n pe ìpàdé sí ilé mérì, olórí ìjọba ìlú wa, láti ṣòfin lórí ìpápánu àwọn ọmọdé. Òṣìṣẹ́ ìlera kan ń ka òfin náà lédè Faransé, èmi ń túmọ̀ rẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi ẹ̀gẹ́ tí kò tíì kan ṣe oúnjẹ ọmọdé. Epo tó bá ti dúdú, dídànù ni. Kí wọ́n máa bo oúnjẹ, kí ṣúgà dín kù, kí ẹ̀wà àti ẹyin pọ̀ sí i.

"Ẹyin kẹ̀?" ni obìnrin kan tó ń ta bisikíìtì wí. "Èwo nínú àwọn ọmọ yìí ló lè ra ẹyin?"

Ìgbà náà ni alákàrà wa dìde lẹ́yìn.

"Mo rí i pé kò tíì kan," ló wí. "Kò sí èyí tó kan lọ́jà. Mo rò pé bó bá pẹ́ nínú epo, yóò dára. Èmi náà jẹ nínú rẹ̀."

Bàbá ọmọ náà dìde. A rò pé yóò lù ú.

"Ìyá, ẹ jẹ ẹ́, ẹ ò kú," ló sọ, ó sì jáde.

Àwọn ọlọ́pàá fẹ́ mú obìnrin náà, ṣùgbọ́n bàbá yìí ló bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fi í sílẹ̀. Obìnrin náà kò dínkàrà mọ́. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, òun nìkan ló máa ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn. Mo lọ jókòó tì í lọ́jọ́ kan. Kò wo ojú mi.

Wọ́n lẹ òfin náà mọ́ ògiri ilé-ìwé wa, ẹnikẹ́ni kò sì ta ẹ̀gẹ́ níbẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo lọ kí àna mi ní Pobè, mo rí àwọn ọmọ iléèwé tí wọ́n rọ̀gbà yí agbada kan ká. Àkàrà ẹ̀gẹ́ ni. Mo bi ẹni tó ń dín in bóyá ó gbọ́ nípa òfin.

"Òfin wo, tàńtí?"

"Ṣé ẹ̀gẹ́ yìí kan?"

"Ó kan díẹ̀."

Mo bẹ àwọn ọmọ náà kí wọ́n má jẹ ẹ́. Wọ́n wò mí bí ẹni ń wo wèrè, wọ́n sì ń jẹ lọ.