Páálí Písà Tí Màmá Mi Dá Padà

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ jẹ́wọ́: kò sí ẹni tó bú ṣọ́ọ̀bù písà yẹn tó mi ní gbogbo Òkè-Àfà, ní Ìsọlọ̀. Nígbà tí wọ́n kun ṣọ́ọ̀bù tí onígbàjámọ̀ kó kúrò nínú rẹ̀, tí wọ́n sì gbé ààrò ńlá wọ ibẹ̀, mo ní ta ló fẹ́ wá jẹ písà ní àdúgbò tí gbogbo wa ń fi ẹ̀wà àti búrẹ́dì ṣayọ̀. Mo sọ ọ́ fún ẹni tó fẹ́ gbọ́ àti ẹni tí kò fẹ́ gbọ́. Ẹnu mi kì í sinmi. Ara màmá mi ni mo ti mú un.

Màmá mi wà lọ́dọ̀ mi nígbà náà. Mo lọ mú wọn wá láti Èkìtì lẹ́yìn tí àrùn rọpárọsẹ̀ fọwọ́ bà wọ́n. Ọlọ́run ṣe é, ẹsẹ̀ ò lọ, ẹnu ò wọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún rọ, wọn ò lè fi gbé ṣíbí. Kí a tó sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò ní Òṣòdì, wọ́n ti fi ìborùn bò ó mọ́lẹ̀. Obìnrin tó ń ṣètọ́jú ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ní ọsibítù sọ fún wa pé ọwọ́ náà ṣì máa ṣiṣẹ́, àmọ́ tí wọn ò bá lò ó, ó máa le, tó bá sì ti le, ó parí nìyẹn. Ó fún wọn ní bọ́ọ̀lù rọ́bà kékeré kan pé kí wọ́n máa tẹ̀ ẹ́ láàárọ̀ àti lálẹ́. Màmá mi gbà á, wọ́n dúpẹ́. Nígbà tí a délé, wọ́n jù ú sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Èmi tí mo gún iyán fún bàbá rẹ títí ó fi kú," ni wọ́n wí, "bọ́ọ̀lù ni wọ́n ní kí n wá máa fi ṣeré?"

Wọn kì í lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọn ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wá kí àwọn. Kí ni wọ́n fẹ́ fi bọ àlejò lọ́wọ́? Òsì? Èyí tó dùn mí jù ni ti oúnjẹ. Wọn kì í jẹun lójú mi mọ́. Wọ́n á gbé abọ́ wọ yàrá, wọ́n á ti ilẹ̀kùn. Lọ́jọ́ kan, ilẹ̀kùn ò padé dáadáa, mo rí wọn tí wọ́n kọ ẹ̀yìn sí mi, tí wọ́n ń fi ọwọ́ òsì bu ẹ̀bà. Mo rọra padà sẹ́yìn. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n ní tí oṣù bá ti parí, àwọn ń lọ sílé. Ẹ̀rù bà mí. Kò sí ẹlòmíì nínú ilé yẹn yàtọ̀ sí wọn láti ìgbà tí bàbá mi ti kú. Ọwọ́ náà yóò le, èmi yóò sì wà ní Ìsọlọ̀ tí n ó máa retí ìpè pé wọ́n ti ṣubú.

Lọ́jọ́ Sátidé ọ̀sẹ̀ yẹn, mo ti ibi iṣẹ́ dé. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe bọ́kẹ́ẹ̀tì àti àga oníke ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ó sì ti rẹ̀ mí. Àpọ́n ni mí. Mo gbé ọbẹ̀ kaná, oorun gbé mi lọ lórí àga, ọbẹ̀ jóná kanlẹ̀. Ìwé pélébé kan wà tí ṣọ́ọ̀bù písà náà tì sábẹ́ géètì wa. Ojú tì mí díẹ̀, ṣùgbọ́n ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ míì wọ̀ ọ́. Mo pe nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀.

Nígbà tó yá, ẹnì kan kan géètì. N kò gbọ́ ìró máṣíìnì. Obìnrin kan ló dúró síbẹ̀, ìyẹ̀fun dé ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀, ó gbé páálí gbígbóná lé àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì.

"Ẹ sọ́rì o, ẹ̀gbọ́n. Táyà máṣíìnì ẹni tó ń bá mi gbé e káàkiri ló bẹ́. Mi ò fẹ́ kó tutù, mo ní kí n yáa fẹsẹ̀ gbé e wá."

Òun gan-an ló ni ṣọ́ọ̀bù náà. Bó ṣe tajú kán rí màmá mi nínú pálọ̀, ó gbé páálí lé mi lọ́wọ́, ó wọlé, ó kúnlẹ̀ kí wọn. Màmá mi dá a lóhùn, wọ́n sì súre fún un, ṣùgbọ́n ọwọ́ ò kúrò lábẹ́ ìborùn.

Kí n má parọ́, písà náà dùn. Obìnrin náà lọ ata rodo mọ́ tòmátì tó fi tẹ́ ẹ, ẹran súyà wà lórí rẹ̀, àlùbọ́sà rẹ̀ sì jó díẹ̀ létí. Mo ń jẹ ẹ́, ojú ń tì mí, mo sì tún ń jẹ ẹ́. Màmá mi béèrè ohun funfun tó ń fà lórí rẹ̀. Mo ní wàràkàṣì ni. Wọ́n ní kí ló dé tí wọ́n fi sun wàrà títí tó fi di rọ́bà. Wọ́n mú ègé méjì, wọ́n wọ yàrá, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Kò pẹ́, wọ́n jáde wá mú ẹ̀kẹta.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo bá wọn ní kíṣìnnì. Wọ́n ti fi àkísà tútù nu páálí písà náà mọ́ tónítóní. Wọ́n ń fi ọwọ́ òsì bu òtílí, erèé ilé wa tí wọ́n gbé bọ̀ láti Èkìtì, sínú rẹ̀.

"Màmá, páálí lásán ni, mà. A máa ń jù ú nù ni."

"Ó gbé oúnjẹ wá fún wa, o wá fẹ́ ju abọ́ rẹ̀ nù?"

"A rà á ni, mà. Mo ti sanwó."

"Owó oúnjẹ lo san. O ò sanwó ẹsẹ̀ tó fi rìn wá. Ó sì kúnlẹ̀ fún mi. Abọ́ rẹ̀ ò ní padà lófìfo."

Mo jiyàn, mo fajú ro, mo ní wọ́n máa fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ ní gbogbo àdúgbò. Nígbà tí mo fi máa wẹ̀yìn, wọ́n ti ń wá bàtà wọn. Láti ìgbà tí wọ́n ti dé, yàtọ̀ sí ọsibítù, wọn ò tíì sọ pé àwọn fẹ́ lọ síbì kan rí. Mo pa ẹnu mi dé, mo gbé páálí.

Obìnrin náà wà nídìí tábìlì, ó ń po ìyẹ̀fun. Mo ti ń ro bí mo ṣe máa tọrọ àforíjì. Kò rẹ́rìn-ín rárá. Ó nu ọwọ́, ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gba páálí náà, ó ṣí i.

"Háà, òtílí! Ó ti pẹ́ tí mo ti jẹ ẹ́ kẹ́yìn. Ẹ ṣeun gan-an, mà. Ẹ ó pẹ́ fún wa."

Màmá mi ò tilẹ̀ gbọ́ ìyókù. Ìyẹ̀fun orí tábìlì ni wọ́n ń wò. Ọmọ Èkìtì tó bá rí ohun tó jọ iyán, tó sì rí kókó nínú rẹ̀, kò lè dákẹ́.

"Eléyìí ò tíì kúnná," ni wọ́n wí.

"Ẹ wá bá mi pò ó nígbà yẹn, mà."

Wọ́n na ọwọ́ òsì. Obìnrin náà fi àtẹ́lẹwọ́ bo ìyẹ̀fun.

"Rárá o, mà. Ẹ má fòsì pò ó fún mi. Kọ́sítọ́mà tó bá rí wa máa sá lọ."

Ara mi gbóná lójijì. Mo la ẹnu láti bi í pé ṣé kò lójú ni, ṣé kò rí i pé aláìsàn ni wọ́n. Màmá mi wò mí, mo sì mọ̀ pé ìwò yẹn ń sọ pé kí n pa ẹnu mi dé. Lẹ́yìn náà wọ́n ká ìborùn kúrò, wọ́n fi òsì gbé ọ̀tún jáde bí ẹni gbé ọmọ tuntun.

"Ọwọ́ yìí ti kú," ni wọ́n sọ.

"Kò tíì kú, mà. Oorun ló ń sùn."

Ó bu omi wá, ó fi ọṣẹ fọ ọwọ́ náà fún wọn, ìka kan lẹ́yìn ìkejì, ó nù ún gbẹ, ó wá gbé e lé orí ìyẹ̀fun. Ó ní kí wọ́n fi ara tì í. Màmá mi fi ara tì í. Ó ṣòro láti wò, mo sì ń wò ó.

Nígbà tí a fẹ́ máa lọ, mo fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láti bá a jà. Ó ní òun ti mọ̀ láti àná tí òun gbé písà wá. Bí bàbá òun náà ṣe fi ọwọ́ tiwọn pamọ́ nìyẹn, tí gbogbo ilé ń bá wọn fi í pamọ́, títí ọwọ́ fi le.

"Ẹ bínú sí mi tẹ́ ẹ bá fẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ṣáà jẹ́ kí wọ́n padà wá lọ́la."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, n kò sì tíì yéé dúpẹ́ títí di òní.

Màmá mi padà lọ ní ọjọ́ kejì, àti ní ọjọ́ kẹta. Oṣù parí, ẹnikẹ́ni ò sọ̀rọ̀ ilé. Ní àràárọ̀ ni obìnrin náà ń bu ìyẹ̀fun tí yóò tó màmá mi í pò sọ́tọ̀. Àtàǹpàkò ló kọ́kọ́ jí, ìka ìlábẹ̀ tẹ̀ lé e, àwọn yòókù ń ṣe bí ọ̀lẹ tí wọ́n jí nígbà tí òjò ń rọ̀. Mo ti jẹ oríṣiríṣi písà ọwọ́ màmá mi tí kò yípo, tí kò ṣe é tà fún ẹnikẹ́ni, a sì ń jẹ ẹ́ nínú pálọ̀, ilẹ̀kùn yàrá wà ní ṣíṣí. Nígbà mìíràn ègé á já bọ́ lọ́wọ́ wọn, wọ́n á bú u, wọ́n á tún un mú. Ní ọsibítù, obìnrin tó fún wọn ní bọ́ọ̀lù bi wọ́n pé ṣé bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń tẹ̀ tó báyìí. Màmá mi ní bẹ́ẹ̀ ni. Èmi ń wo àjà.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n sọ fún mi pé àwọn fẹ́ máa lọ sílé. Lọ́tẹ̀ yìí, kì í ṣe ìtìjú ló ń lé wọn. Àgbàdo tí aládùúgbò bá wọn gbìn sẹ́yìnkùlé ti gbó, wọ́n fẹ́ lọ ya á fúnra wọn. Wọ́n ní kí n kúnlẹ̀.

Nílé wa, ọwọ́ ọ̀tún làgbà ń gbé lé ọmọ lórí tí wọ́n bá ń súre fún un. Gbogbo ìgbà tí wọ́n fi wà lọ́dọ̀ mi, ẹnu lásán ni wọ́n fi ń ṣàdúrà fún mi. Wọ́n gbé ọwọ́ náà sókè. Ó ń gbọ̀n, ó lọ́ra, ó sì dé orí mi. Ó wúwo. Wọ́n ṣàdúrà fún iṣẹ́ mi, wọ́n ṣàdúrà fún obìnrin oníṣọ́ọ̀bù àti àwọn ọmọ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé orí ọ̀rọ̀ ìyàwó, ó rẹ ọwọ́ náà, ó yọ̀ bọ́ sí èjìká mi. Mo fẹ́ dìde, wọ́n ní kí n dúró. Mo dúró lórí ìkúnlẹ̀, omi ń bọ́ lójú mi, inú mi sì dùn débi pé n kò mọ ẹni tí ǹ bá kọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n sinmi díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ọwọ́ náà gòkè padà, òsì ò ràn án lọ́wọ́.

"Ibo la dé?" ni wọ́n béèrè.

"Ibi ìyàwó ni, mà."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Jẹ́ kí àmín rẹ dún dáadáa níbẹ̀."