Igbá Àkọ́kọ́ Nínú Ọtí Èjìdé

Bí ẹ bá bi èmi Àbẹ̀ní pé ta ló mọ ọtí í pọn jù ní Bẹ́yẹrúnkà nígbà tí rélùwéè ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ Ìbàdàn, Èjìdé ni n ó dárúkọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orogún mi ni. Kì í ṣe pé mo fẹ́ràn rẹ̀. Ọkọ wa ń gbọ́ tirẹ̀ ju tèmi ìyálé lọ, inú sì ń bí mi. Àmọ́ ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ rẹ̀ dáa. Ó máa ń dẹtí sí ìkòkò kó tó ṣí i. Bí ó bá ṣì ń hó lábẹ́lẹ̀, kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án.

Wàhálà dé lọ́jọ́ tí Ògúntádé alágbẹ̀dẹ mu ọtí lọ́dọ̀ rẹ̀, tó sì fi ọjọ́ mẹ́ta bì. Ariwo gba Ọjà'ba kan pé ọtí Èjìdé ní májèlé. Kò sẹ́ni tó rà á mọ́. Ṣàngówálé, baálé agboolé wa, ní bí Èjìdé kò bá fi hàn pé ọwọ́ rẹ̀ mọ́, òun yóò fọ́ gbogbo ìkòkò rẹ̀, Èjìdé kò sì ní pọn ọtí mọ́ láyé.

Ni Èjìdé bá pe àwọn àgbà agboolé wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan pé kí wọ́n wá tọ́ ọ wò. Ó tẹ́ ẹní, ó sun ẹran, ó gbé ìkòkò mẹ́ta kalẹ̀: ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ àná, ti ìjẹta, àti ọtí bàbà. Wọ́n jókòó, Ògúntádé náà wà níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan nǹkan kan.

Baálé ní, "Èjìdé, bu tìrẹ mu ná."

Bí a ti ń ṣe é nìyẹn. Ẹni tó ni ọtí ló ń kọ́kọ́ mu.

Èjìdé bu igbá kan. Kò gbé e dé ẹnu, gbogbo wọn sì ń wo ara wọn. Májèlé ni wọ́n rò. Èmi mọ ohun tó ń ṣe é. Oyún méjì ti bàjẹ́ lára rẹ̀, adáhunṣe sì ti kìlọ̀ pé tó bá tún lóyún, ọtí ò gbọdọ̀ kan ètè rẹ̀. Oyún tí kò tíì hàn, ta ni yóò máa kéde rẹ̀ láàárín èrò? Kò tilẹ̀ sọ fún mi. Ta ló ń sọ irú ẹ̀ fún orogún? Ṣùgbọ́n mo ti bí mẹ́rin. Mo ti rí i láràárọ̀ tó ń sá fún òórùn epo.

"Ṣé o ò ní mu ni?" Baálé ti dìde, ó ti mú ọ̀pá rẹ̀.

Èjìdé gbé igbá sún mọ́ ẹnu, omi ń bọ́ lójú rẹ̀ sínú ọtí. Mo ní kí n dákẹ́, mi ò lè dákẹ́. Mo já igbá náà gbà, mo mu ún tán. Mo bu nínú ìkòkò méjì yòókù, mo mu ìyẹn náà, mo wá jókòó síwájú wọn.

Wọ́n ń wò mí bóyá n ó ṣubú. Ẹ̀rù ọtí ò bà mí rárá. Ọbẹ̀ tó ti kan ni Ògúntádé jẹ kó tó mu ọtí lọ́jọ́ yẹn, èmi ni mo sì bù ú fún un. Nígbà tó ń bì, ojú tì mí. Ẹnu mi yìí ló kọ́kọ́ sọ ọ́ ní Ọjà'ba pé ọtí Èjìdé ni.

Nígbà tó pẹ́, Baálé nawọ́ gba igbá. Ògúntádé mu mẹ́ta.

Èjìdé wá bá mi lẹ́yìn ilé, ó kúnlẹ̀. "Ìyálé mi, ẹ ṣeun."

Mo ní, "Dìde. Aláboyún kì í kúnlẹ̀ pẹ́."

Ó wò mí. "Ẹ ti mọ̀?"

Mo ní mo mọ̀. Ó bú sẹ́kún, ó dì mọ́ mi lẹ́sẹ̀. Ó rò pé ohun tí mo mọ̀ ò jù bẹ́ẹ̀ lọ.