Ọmọ Sùn Lórí Itan Mi, Mi Ò Lè Dìde

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí eyín iwájú mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù padà, wọ́n fi ọmọ tuntun kan dè mí mọ́lẹ̀ nínú yàrá ìyá mi ní Ìlá. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Wọn ò fi okùn dè mí o. Wọ́n kàn gbé ọmọ jòjòló lé mi nítan ni, wọ́n sì ní bí ó bá ti sùn, mi ò gbọ́dọ̀ dìde.

Àbúrò mi ọkùnrin ni ọmọ náà. Ó pẹ́ lẹ́yìn mi kí ó tó dé, gbogbo ilé ló sì ti ń retí rẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n sọ ọ́ lórúkọ, tí Ààfáà ti ṣe àdúà tán, tí àwọn àlejò ti jẹ ẹran tí wọ́n sì ti ń nu ọwọ́, ìyá bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àgbà, pè mí wọnú yàrá. Wọ́n ní kí n jókòó sórí ẹní, kí n na ẹsẹ̀ mi méjèèjì, kí n fẹ̀yìn ti ògiri. Wọ́n gbé ọmọ lé mi.

Wọ́n ní, “Ìwọ lẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ọmọ tuntun kì í dá sùn. Ìwọ lo máa jókòó tì í.”

Mo bi wọ́n pé ilé ìwé mi ńkọ́. Wọ́n ní ilé ìwé ò ní ẹsẹ̀ tí yóò fi sá lọ, pé kí n dúró títí ọmọ yóò fi lè jókòó, ó di ọdún tó ń bọ̀.

Ẹ̀yin ọmọ òde òní, ẹ ò lè mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe wúwo tó létí ọmọbìnrin nígbà náà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan wà nínú agbo ilé wa, òun náà ti gbọ́ “ọdún tó ń bọ̀” rí nígbà tí wọ́n bí àbúrò tirẹ̀. Ọdún tó ń bọ̀ dé, ó kọjá, òmíràn tún dé. Ìgbà tí mò ń sọ yìí, ó ti di géńdé obìnrin, iyọ̀ àti ata gígún ló ń tà níwájú ilé. Nígbà mìíràn á pè mí, á ní kí n fi ìka kọ orúkọ òun sórí iyanrìn kí òun wò ó. Á máa wò ó títí ẹsẹ̀ ewúrẹ́ yóò fi pa á rẹ́. Nítorí náà, bí Ìyá Àgbà ti sọ̀rọ̀ yẹn, àyà mi já.

Bí ẹ ò bá tíì tọ́ ọmọ tuntun rí, ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín, oorun ọmọ ọ̀sẹ̀ méjì mẹ́ta kì í ṣe oorun tiwa. Ó máa sùn lóòótọ́, àsùnpọ̀ oorun rẹ̀ tilẹ̀ ju ti ọ̀lẹ lọ, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni. Bí ó ti sùn báyìí, kò ní pẹ́ tí yóò fi máa yí ẹnu kiri, tí yóò máa wá ọmú. Ìyá mi á gbé e, á fún un lọ́mú. Á mu, á mu, oorun á gbé e lọ tòun ti ọmú lẹ́nu. Ìyá mi á rọra yọ ọ́ lẹ́nu rẹ̀, á gbé e lé mi nítan, á sì dùbúlẹ̀. Kí oorun tó kun ìyá mi dáadáa, ọmọ ti tún jí, ọmú ló tún ń wá. Ní ìrọ̀lẹ́ ló máa ń burú jù. Bí ó bá ti ń sọ ọmú kan sílẹ̀ ni yóò máa wá ìkejì, a ò sì ní mọ ìgbà tí ó parí èyí tó bẹ̀rẹ̀ òmíràn.

Ìyá Àgbà ní ọmú ìyá mi ló dà bí omi lásán, ìdí nìyẹn tí ọmọ kò fi ń yó. Ìyá mi á ní, “Ìyá wa, bí ó bá ṣe ń mu ún náà ni yóò ṣe máa wá.” Ìyá Àgbà kò gbọ́. Wọ́n á se àgbo, wọ́n á bu ú sí àtẹ́lẹwọ́, wọ́n á rọ ọ́ fún ọmọ títí ikùn rẹ̀ á fi le gbandi. Á wá sùn lọ fọnfọn. Ọmú ìyá mi á sì kún, á le, á máa ro ó, omi ọmú á máa kán sára aṣọ rẹ̀. Á jókòó lẹ́bàá mi, á mú àyà rẹ̀ dání, á máa wo ọmọ bí ẹni pé kí ó tètè jí.

Wọ́n ní ọmọ tó ní ìyá òun ò ní sùn, òun náà ò ní fojú kan oorun. Irọ́ ni o! Àbúrò mi kò jẹ́ kí ìyá mi sùn, òun sì ń gbádùn oorun tirẹ̀, bí ó bá ṣáà ti jẹ́ pé itan mi ló wà. Mo gbìyànjú títí láti gbé e sílẹ̀. Màá rọra, màá mú èémí mi dúró, ẹ̀yìn rẹ̀ kò ní tíì kan ẹní tán tí yóò fi ta gìrì, tí yóò figbe ta. Igbe yẹn ni Ìyá Àgbà máa ń gbọ́ láti ẹ̀yìnkùlé. “Ta ló gbé ọmọ sílẹ̀?”

Mo bá ń jókòó. Wọ́n ti fèrèsé pa nítorí atẹ́gùn, ìkòkò iná wà ní igun kan, òórùn àgbo àti àdí kún inú yàrá. Òógùn á máa ṣàn ní ẹ̀yìn mi, pajápajá á gbá mi lẹ́sẹ̀, eṣinṣin á bà lé mi nímú, mi ò ní lè gbá a. Mò ń gbọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ bàbá mi lójúde, torí télọ̀ ni bàbá mi. Mò ń gbọ́ agogo ilé ìwé. Mò ń gbọ́ ohùn àwọn ẹlẹgbẹ́ mi bí wọ́n ti ń kọjá lẹ́yìn fèrèsé. Ẹni bímọ ọ̀ràn ní í pọ̀n ọ́n, bẹ́ẹ̀ èmi ò bímọ kankan! Inú ń bí mi sí Ìyá Àgbà, ó ń bí mi sí bàbá mi tí kì í bá ìyá rẹ̀ jiyàn. Kò bí mi sí ọmọ náà ṣá, torí ó máa ń rẹ́rìn-ín lójú oorun.

Ohun kan wà tí mo rí nínú ìjókòó mi tí kò yé mi. Ìyá Àgbà kò bẹ̀rù ọmọ rárá. Àwọn ló ń wẹ̀ ẹ́, tí wọ́n ń na apá na ẹsẹ̀ rẹ̀, tí wọ́n ń sọ ọ́ sókè tí wọ́n ń hán an. Ṣùgbọ́n bí ojú ọmọ bá ti ń wọlẹ̀ lọ́wọ́ wọn báyìí, wọ́n á ní, “Gbà, gbà, gbà,” wọ́n á yára gbé e fún mi tàbí fún ìyá mi, wọ́n á sì jáde. N kò rí i kí wọ́n gbé ọmọ tó sùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo rò pé ìjókòó ló sú wọn, àwọn tí kì í fi ọwọ́ lẹ́rán.

Ọ̀gá ilé ìwé wa wá rán ẹnìkan sí bàbá mi pé ìdánwò máa bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, ẹni tí kò bá sì sí níbẹ̀ kò ní bá ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí kíláàsì tó kàn. Bàbá mi ní, “Ìyá mi ti sọ̀rọ̀ lórí ìyẹn,” ó sì tẹ ẹ̀rọ rẹ̀ lọ. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti inú yàrá. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, mi ò sì lè ké, kí ọmọ má baà jí. Omi ojú mi ń kán sórí rẹ̀. Ìyá mi rí i. Ó fi etí ìró rẹ̀ nu orí ọmọ, ó wá fi ibì kan náà nu ojú mi.

Ogójì ọjọ́ kò tíì pé lọ́jọ́ Ajé náà, kí obìnrin tó bímọ sì jáde kí ogójì tó pé, èèwọ̀ ńlá ni nílé wa. Ìyá mi fún ọmọ lọ́mú títí tó fi sùn. Ó pọ̀n ọ́n, ó fi ọ̀já gbà á mọ́ra títí dé ọrùn. Ó mú aṣọ ilé ìwé mi wá, ó ti fọ̀ ọ́, n kò mọ ìgbà tó fọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà ó ṣí fèrèsé, ìmọ́lẹ̀ sì dà sínú yàrá tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi bo ojú. Ó fà mí lọ́wọ́, a jáde.

Ìyá Àgbà wà nídìí àgbo. “Níbo lẹ̀ ń lọ?”

Ìyá mi kúnlẹ̀. “Ilé ìwé ni, Ìyá wa. À ń bọ̀.”

Ariwo wá sọ. Ogójì kò pé! Atẹ́gùn! Ọmọ ń sùn lẹ́yìn rẹ! Ìyá mi kúnlẹ̀ kí bàbá mi náà lójúde, ó dìde, ó ń lọ. Bàbá mi dá ẹ̀rọ dúró, ó ń wò wá lọ. Àwọn obìnrin ń kí wa lójú ọ̀nà pé ẹ kú ewu ọmọ, àwọn mìíràn ń pariwo pé orí ọmọ wọ́, ìyá mi á tún un ṣe, á máa lọ. Bí mo bá bojú wẹ̀yìn, màá rí Ìyá Àgbà tí wọ́n mú gèlè lọ́wọ́ tí wọ́n ń tẹ̀ lé wa, ìbínú ń gbé wọn bọ̀. Ọmọ náà kò sì mira.

Ẹnu ọ̀nà ilé ìwé ló ti jí. Ìyá mi jókòó sórí gbòǹgbò igi máńgòrò, ó sọ ọ́ kalẹ̀, ó fún un lọ́mú. Ọ̀gá wa jáde wá, ó rí wọn, ojú tì í, ó yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní kí n wọlé. Ìgbà yẹn ni Ìyá Àgbà dé, wọ́n ń mí helehele.

Ìyá mi kò jẹ́ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀. “Ìyá wa, ẹ má bínú. Ọmọ tó wà láyà mi yìí, ọmọ ni. Èyí tí mo fà lọ́wọ́ wá yìí, ọmọ náà ni. Ẹ ní ká má fi ọmọ sílẹ̀ lóun nìkan. Mi ò fẹ́ fi èyí náà sílẹ̀.”

Mo rò pé ilẹ̀ máa lanu. Ìyá Àgbà wò ó, wọ́n wò mí, wọ́n wá jókòó sórí gbòǹgbò náà. Wọ́n ní, “Àkọ́bí mi, orí itan mi ló sùn sí lóko, ní ọ̀sán gangan. Mo ń wò ó. Mo rò pé oorun ni.”

A ò gbọ́ ọ rí nílé wa. Bàbá mi pàápàá kò mọ̀ pé ìyá òun ti bí ọmọ kan tó kú. Àbúrò mi ti tún sùn mọ́ ọmú ní tirẹ̀. Ìyá mi gbé e, ó nà án sí Ìyá Àgbà. Wọ́n ní rárá. Ìyá mi kò gba ọwọ́ padà. Nígbà tó yá wọ́n gbà á. Ìyá mi mú àtẹ́lẹwọ́ wọn, ó gbé e lé ọmọ láyà. “Ó ń mí, Ìyá wa. Ẹ gbọ́ ọ.”

Mo wọ kíláàsì. Láti ibi tí mo jókòó mò ń rí wọn lójú fèrèsé. Ìyá Àgbà na ẹsẹ̀ méjèèjì lábẹ́ igi máńgòrò, ọwọ́ wọn wà láyà ọmọ, wọn ò mira. Ìyá mi fi orí ti igi, ó ti sùn lọ. Láti ọjọ́ náà, Ìyá Àgbà ló ń jókòó sórí ẹní, èmi sì ń lọ sí ilé ìwé.

Ayé ti yí padà. Àwọn nọ́ọ̀sì ti kọ́ wa pé ọmú nìkan tó ọmọ fún oṣù mẹ́fà, láìsí omi, láìsí àgbo, kí a sì fún un nígbàkigbà tó bá béèrè, àti pé bí ó ti ń béèrè yẹn kì í ṣe pé ọmú ìyá rẹ̀ kò dára. Ohun tí ìyá mi ń sọ náà nìyẹn. Ó dára, mo fọwọ́ sí i. Ohun tí kò dùn mọ́ mi ni pé nígbà tiwa, èrò kún yàrá ju bó ti yẹ lọ, nísinsìnyí kò séèyàn níbẹ̀. Ọmọ ọmọ mi ń kàwé ní kọ́lẹ́ẹ̀jì níbí yìí, ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lókèèrè, òun àti ọmọ tuntun ló kù nínú yàrá kan. Ó pè mí lórí fóònù, ó ń sunkún wúyẹ́wúyẹ́. Ó ní, “Ìyá àgbà, ó sùn lórí itan mi, mi ò lè dìde.” Ẹ̀yin náà mọ̀ pé mi ò dúró gbọ́ èyí tó kù. Ọ̀kadà ni mo gùn wá.

Ó ti lọ síbi ẹ̀kọ́ rẹ̀ báyìí, kò ní pẹ́ tí yóò fi sáré wá fún un lọ́mú. Mo ti ṣí fèrèsé. Mo na ẹsẹ̀ méjèèjì lórí ẹní, pajápajá ti dé. Àbúrò mi pè láìpẹ́ yìí, ẹni tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun báláú. Mo sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, mo ní kó tún pè mí tó bá yá, pé ọmọ sùn lé mi nítan, mi ò lè dìde.

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ ò tíì dìde látìgbà yẹn ni?”

Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo gbé ọwọ́ lé ọmọ láyà. Ó ń mí.