Ẹ̀jẹ̀ Ògún Lábẹ́ Ẹní Mọ́tò

Ẹ má bẹ̀ mí kí n yin ìyálé mi. Ọ̀ṣúnwùmí ti kú, Ọlọ́run á dẹ ilẹ̀ fún un, ṣùgbọ́n ikú ò sọ ẹni tó le di ẹni rírọ̀. Obìnrin tí kì í rẹ́rìn-ín, tó máa ń yọjú wo inú ìkòkò ẹlòmíì! Ọjọ́ tí mo wọlé Ògúndìran, ọkọ wa, l'Éjìgbò, ló ti wí fún mi pé, "Sàfúrátù, ilé yìí ò gba afẹ́ o." Ṣé èmi béèrè afẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni?

Ọ̀rọ̀ mọ́tò ló wá ba gbogbo rẹ̀ jẹ́ pátápátá. Dúrójaiyé, ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ìyá mi ní Masifa, ti Àbíjàn dé, ó ń ra àlòkù mọ́tò n'Íbàdàn, ó ń tà á. Ọdún tí odò Ògùnpa Ìbàdàn kún tó ya wọ ilé onílé ni. Ó gbé mọ́tò dúdú kan wá fún wa, ó ń kọ mànà. Ògúndìran ò lówó lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ó ní oko obì tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un ní Ola. Ó ní kí Dúrójaiyé gba oko, kí òun gba mọ́tò. Oko yẹn ni gbogbo wa ń jẹ, àtìyálé àtìyàwó àtọmọ. Ṣùgbọ́n ta ni ò fẹ́ jókòó níwájú mọ́tò? Èmi ti ń rí ara mi tí mo ń sọ̀ kalẹ̀ ní Masifa, tí àwọn orogún ìyá mi ń yọjú lójú fèrèsé.

Mọ́tò náà ń rùn díẹ̀, mi ò ní purọ́, bí yàrá tí wọ́n tì pa lásìkò òjò. Ògúndìran ṣílẹ̀kùn, ó ká ẹní rọ́bà tó wà nílẹ̀ rẹ̀, ló bá rí epo pupa àti ẹ̀jẹ̀ àkùkọ tó ti gbẹ, tí ìyẹ́ lẹ̀ mọ́.

"Àna mi, oúnjẹ Ògún ni o," Dúrójaiyé yára sọ. "Ní ìdájí ni mo fún un kí n tó gbéra, kí ọ̀nà lè dára. Ẹ má fọwọ́ kàn án."

Ẹ wo ojú ọkọ mi! Ọmọ alágbẹ̀dẹ, tó ti ń bọ Ògún láti kékeré. Orí rẹ̀ wú. Ó rọra da ẹní padà, ó ní, "Ẹ̀yin Mùsùlùmí náà mọyì Ògún báyìí?"

Ìyálé mi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ń fi ọ̀bẹ bẹ ẹ̀gẹ́. Ló bá lanu sí ọkọ wa. "Baba Àyàndá, ta ní ń bọ Ògún lábẹ́ ẹní? Iwájú mọ́tò ni wọ́n ti ń fún un, ìdí táyà ni, níbi tí gbogbo ayé á ti rí i. Kí ló gbé e débẹ̀ yẹn?"

"Wọlé lọ!" ni ọkọ wa jágbe mọ́ ọn.

Mo fi tèmi kún un. "Ìyálé mi, ẹ̀gbọ́n mi lẹ ń pè lólè yẹn o!"

Kò tilẹ̀ wò mí. Ó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ti ju ẹní sẹ́yìn, ó ń fi ọ̀bẹ ha ẹ̀jẹ̀ náà. Háà, èèwọ̀! Ògúndìran dì í níró mú, ó ń fà á, ìró ń tú, ọwọ́ ìyálé mi ò dúró. Epo lọ, ìyẹ́ lọ, irin tó ti dógùn-ún ló kù nílẹ̀, ó ń ṣí bí èèpo àlùbọ́sà. Ó ti ọ̀bẹ bọ abẹ́ àga, ẹrẹ̀ odò gbígbẹ ló wọ́ jáde, àti ìkarahun ìṣáwùrú kan.

"Ìṣáwùrú náà ti ń wọ mọ́tò?" ló wí.

Dúrójaiyé rẹ́rìn-ín. "Òjò ni, màmá. Mo gbàgbé fèrèsé ní ṣíṣí."

Ìyálé mi dìde, ó na ọ̀bẹ náà sí i lẹ́nu. "Fi ahọ́n kàn án. Sọ pé kí Ògún pa ọ́ bí odò bá ti bo mọ́tò yìí rí."

"Mùsùlùmí ni mí. N kì í fi Ògún búra."

"Mùsùlùmí tó bọ Ògún ní ìdájí?"

Ẹ̀gbọ́n mi wo ọ̀bẹ, ó wò mí. Ojú tì mí, inú sì bí mi, ìyálé mi ni inú ń bí mi sí. Ọmọ ìyá ẹni lọmọ ìyá ẹni. Dúrójaiyé wọ mọ́tò rẹ̀, mọ́tò wúkọ́ títí kó tó ṣẹ́ná, ó sì wà á lọ. Kò sọ̀rọ̀ oko mọ́.

Ẹ rò pé ẹnikẹ́ni dúpẹ́? Ògúndìran ní ìyálé mi ti ha oúnjẹ Ògún dànù, kó lọ ra ajá tí wọ́n á fi tù ú. Ó rà á, kò jiyàn. Nígbà tí wọ́n pín ẹran, ó bu tèmi ránṣẹ́ sí mi, ó sì mọ̀ dájú pé èmi kì í jẹ ajá. Ẹ ò rí ìkà? Láti ọjọ́ náà, ẹ káàárọ̀ nìkan ló kù láàárín wa.

Nígbà tí Ògúndìran kú, àwọn àgbà ilé pín oko obì náà sí méjì, ìdí kan fún àwọn ọmọ ìyálé mi, ìdí kan fún àwọn ọmọ mi. Wọ́n ní kí ìyálé kọ́kọ́ mú. Apá ibi tí obì ti ń so jù ló mú, kò tilẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ara mi ò gbà á. Mo ní, "Ẹ̀yin àgbà, ṣé ẹ rí i? Ibi tó dáa ló ṣà!"

Ó yíjú sí mi, ó wò mí láti òkè délẹ̀.

"Sàfúrátù," ó ní, "ṣé mọ́tò lo wá fẹ́?"

 Mo mú tèmi.