Ọkùnrin Tí Mo Pariwo Olè Lé Lórí

Mo máa ń tètè bínú. Ìyá mi sọ ọ́ títí ó fi kú, ọkọ mi náà sọ ọ́ títí ó fi kó ẹrù rẹ̀ jáde. Ẹja inú yìnyín ni mo ń tà ní Ìjẹ̀gùn. Ó yẹ kí òtútù rẹ̀ ti pa iná inú mi, ṣùgbọ́n kò pa á.

Nígbà tí owó ìwé dàwátì, gbogbo wa bẹ̀rẹ̀ sí í gba tiráńsífà. Oníbàárà á fi owó ránṣẹ́, fóònù mi á dún, ó parí. Àfi ọjọ́ kan tí ọmọge kan tí ẹnu rẹ̀ dùn bí oyin fi álẹ́ẹ̀tì ayédèrú gbé páálí ẹja mẹ́ta lọ mọ́ mi lọ́wọ́. Mo sunkún títí ojú mi fi wú. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ṣòfin: bí fóònù mi ò bá tíì dún, ẹja ò kúrò nílẹ̀, bó o tilẹ̀ jẹ́ pásítọ̀ mi.

Àárọ̀ Sátidé kan ni ọkùnrin náà wá. Wẹ́dà ni, iná ìjórin ti dá ihò sí aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ lára. Páálí kan ló fẹ́ rà, ìyàwó rẹ̀ ló fẹ́ yan án tà. Ó dúró nídìí fírísà, ó tẹ fóònù rẹ̀, ó ní, "Màmá, ó ti lọ."

Mo wo fóònù ọwọ́ mi. Kò dún. Mo ní kó dúró. Ó dúró, ó dúró. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ọlọ́kadà mi ti ń kígbe." Mo ní, "Kó máa kígbe lọ, jàre."

Nígbà tó sú u, ó gbé páálí lé èjìká. "Màmá, ẹ wò ó, wọ́n ti yọ owó mi. Àbí kí n sùn síbí ni?"

Ẹ̀jẹ̀ ru bò mí lójú. Mo fa ẹja kan tó dì gbagidi yọ, mo là á mọ́ ọn lẹ́nu. Eyín rẹ̀ kan bọ́ sílẹ̀. Mo fi gbogbo agbára mi ké: "Olè! Olè o! Oní-álẹ́ẹ̀tì ayédèrú!"

Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, ẹni tó bá gbọ́ "olè" kì í béèrè ìbéèrè. Àwọn ọlọ́kadà sọ̀ kalẹ̀, àwọn tó ń mọ búlọ́ọ̀kù ní òdìkejì títì sáré wá. Bẹ́líìtì, pákó, ṣọ́bìrì. Mo gbọ́ bí apá rẹ̀ ṣe ṣẹ́. Ẹnì kan fi gìgísẹ̀ tẹ̀ ẹ́ lójú. Ó ń ké, "Mo ti san án! Màmá, ẹ bá mi sọ fún wọn!" Mi ò ní purọ́ fún yín, inú mi dùn. Lójú tèmi, ọmọge ẹlẹ́nu dídùn yẹn ni wọ́n ń lù.

Ọlọ́kadà kan ní, "Ìyá ẹlẹ́ja, ẹ mú okùn wá ká dè é!"

Mo wọ ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù lọ mú okùn. Fóònù mi àtijọ́ wà níbẹ̀, mo ti gbé e sí iná láti àárọ̀. Iná orí rẹ̀ ń ṣẹ́jú. Mo gbé e. Owó ti wọlé, iye ẹja náà gẹ́lẹ́, ó sì ti wọlé kó tó gbé páálí lé èjìká rárá.

Lẹ́yìn tí ọmọge yẹn rẹ́ mi jẹ ni mo ṣí àkáǹtì tuntun sórí fóònù tuntun. Mo lẹ nọ́ńbà tuntun mọ́ ẹnu ọ̀nà, ṣùgbọ́n mi ò pa ti àtijọ́ tí mo kọ sórí fírísà rẹ́. Gbogbo ìgbà ni mò ń sọ pé tó bá dọ̀la. Nọ́ńbà àtijọ́ tó wà níwájú ọkùnrin náà ló fi owó ránṣẹ́ sí.

Níta, wọ́n ṣì ń lù ú. Ohun tó yẹ kí n sọ ò ju ọ̀rọ̀ mẹ́ta lọ: owó ti wọlé. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà mí. Bí mo bá sọ ọ́, ta ni àwọn ọwọ́ yẹn máa wá yíjú sí? Mo ki fóònù bọ àyà mi.

Ọlọ́kadà yẹn yọjú. "Ìyá, okùn dà?"

Mo na okùn sí i.

Wọ́n de ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn. Ẹnì kan yí táyà wá, ẹnì kan gbé ìgò pẹtiróòlù dé. Ibẹ̀ ni ìyá aládùúrà kan, aládùúgbò wa, ti ń bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì. Kò wọ bàtà. Ó gba inú ẹ̀jẹ̀ kọjá, ó jókòó lé táyà náà pẹ̀lú aṣọ funfun rẹ̀.

"Iná? Ní Ìjẹ̀gùn yìí? Ẹ̀yin tí iná ọ̀pá epo jó ẹbí yín, ẹ̀yin náà lẹ tún fẹ́ sun èèyàn? Ó yá, ẹ sun èmi náà mọ́ ọn."

Kò sẹ́ni tó mira. Ìgbà yẹn ni mo tó fa fóònù yọ, tí mo kígbe: "Ó ti wọlé o! Owó ti wọlé báyìí báyìí!"

Kí n tó ṣẹ́jú, gbogbo àwọn tó ń lù ú ti sá lọ. Àwa obìnrin méjì la tú u, la gbé e lọ sí ọsibítù ní Ìkòtún. Èmi ni mo sanwó gbogbo ìtọ́jú rẹ̀. Àwọn ará àdúgbò ní mo láàánú, mo sì jẹ́ kí wọ́n máa sọ ọ́.

Ọjọ́ kẹrin ló tó lè sọ̀rọ̀ dáadáa. Ojú òsì rẹ̀ ti fọ́. Wẹ́dà olójú kan. Ìyàwó rẹ̀ jókòó tì í, kò wo ibi tí mo wà.

"Màmá," ó ní, "ìgbà wo ló tiẹ̀ wọlé gan-an?"

Mo ní, "Ìgbà tí màmá yẹn jókòó lé táyà ni, ọmọ mi. Bó ṣe ń dún ni mo pariwo."

Omi jáde lójú rẹ̀ kan tó kù.

"Ọlọ́run ló ní kẹ́ ẹ tètè rí i. Wọn ì bá ti sun mí. Ẹ ṣeun, Màmá. Ẹ ṣeun gan-an."

Mo ní kò tọ́pẹ́.