Kúrò Láàárín Irin

Bí mo bá ti gbé kámẹ́rà sójú, ohùn bàbá onílé mi ní Òkè-Baálẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ gbọ́: "Kúrò láàárín irin."

Òṣìṣẹ́ rélùwéè tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n. Àwọn ló máa ń mú mi lọ ya àwòrán ojú irin tó la àárín òkè kọjá lẹ́yìn Òṣogbo, tí igbó ti ń bò. Kí wọ́n tó sọdá, wọ́n á fi òòlù kékeré gbá irin lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á tẹ́tí.

Mo ní, "Bàbá, ọkọ̀ ò gba ibí mọ́ o."

Wọ́n ní, "Ta ló sọ fún ẹ? Àwọn ọ̀gá wa ò kọ̀wé sí èmi pé ó ti parí."

Inú á bí mi, torí àárín irin ni òkè náà ti rẹwà jù. Síbẹ̀, ẹ̀gbẹ́ irin ni mo ti ya gbogbo àwòrán mi.

Lẹ́yìn tí a ṣe àdúà ogójì ọjọ́ ikú wọn, èmi nìkan padà lọ. Mo dúró sáàárín irin gan-an, mo ya àwòrán tí mo ti ń fẹ́ yà tipẹ́. Ó dára ju gbogbo ìyókù lọ. Mo ṣì dúró síbẹ̀, mo ń retí kẹ́nìkan lé mi kúrò.