Sílípáàsì Inú Ọkọ̀ Bàbá Mi

Ọjọ́ tí mo mú Kàmọ́rù, àfẹ́sọ́nà mi, lọ wo ọkọ̀ bàbá mi ní odò Ẹlẹ́yẹlé kò kúrò lọ́kàn mi di òní.

Àárín ìgboro ní Kúdẹtì là ń gbé, àmọ́ apẹja ni bàbá mi. Wọ́n máa ń gé sílípáàsì tó ti já sí wẹ́wẹ́, wọ́n á ká okùn ìwọ̀ kọ̀ọ̀kan mọ́ ègé tirẹ̀, wọ́n á sì fi ẹnu ìwọ̀ náà gún un. Ojú ń tì mí pé Kàmọ́rù máa bá àlòkù bàtà nínú ọkọ̀ wa. Mo ṣáájú àwọn méjèèjì débẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo tú gbogbo okùn náà sínú agolo bisikíìtì tuntun, mo sì da àwọn sílípáàsì náà nù.

Nígbà tí a jókòó sínú ọkọ̀ tán, bàbá mi ní, "Bísímíláì," wọ́n ki ọwọ́ bọ agolo. Gbogbo okùn jáde lẹ́ẹ̀kan náà, ó ti ta kókó bí irun dàda. Ìwọ̀ kan sì ti gún wọn lọ́wọ́.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Bàbá. Ta ló kó o báyìí?" Kàmọ́rù bi wọ́n.

Bàbá mi wo agolo, wọ́n wò mí, wọ́n ní,

"Èmi náà ni. Ojú mi ò ríran dáadáa mọ́."

Wọ́n bọ́ sílípáàsì ẹsẹ̀ ọ̀tún wọn, wọ́n gé e wẹ́wẹ́, wọ́n wá ń tú okùn náà, wọ́n ń ká a lọ́kọ̀ọ̀kan.

Nírọ̀lẹ́, a bọ́ọ́lẹ̀ nínú mọ́tò ní Bẹẹrẹ, a fẹsẹ̀ rìn délé. Sílípáàsì kan ṣoṣo ni bàbá mi wọ̀, wọ́n ń dá gbogbo ẹni tó ń kí wọn lóhùn. Èmi ń tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn, bàtà mi méjèèjì ń jó mi lẹ́sẹ̀.